Ó ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì, ó wá di àtúnbí. Ṣé dandan ni kó dá owó opó padà?

Ọmọ_Ọlọ́jà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì dáadáa.

Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ilẹ̀ títà tẹ́lẹ̀. Ó ta pílọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí a bá ti kọjá Mọ́níyà, fún opó kan. Kò pẹ́ rárá tó tún fi gbé ilẹ̀ yẹn kan náà fún ẹlòmíràn tó lówó lọ́wọ́ jù, onítọ̀hún sì ti kọ́lé sí i. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ opó yìí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, "ẹ padà wá lọ́la" ni wọ́n ń sọ fún un. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílé.

Ní báyìí, arákùnrin yìí ti gba Jésù. Kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Ó fi ọtí sílẹ̀, ó fi obìnrin ìta sílẹ̀, agogo ìyìn rere tó ń lù láàárọ̀ ló ń jí gbogbo àdúgbò. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ wá opó yẹn rí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní 2 Kọ́ríńtì 5:17, ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Ó ní Jésù ti san gbogbo rẹ̀, bí òun bá tún wá ń san nǹkan kan, òun ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù kò tó nìyẹn. Pásítọ̀ rẹ̀ gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú Éfésù 2:8 sí 9, pé oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà fa Jákọ́bù 2 yọ, pé òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́. Látìgbà yẹn ni òun àti arákùnrin yìí ò ti kí ara wọn.

Ẹ̀yin lẹ ó bá mi dá sí i. Bí ìgbàlà bá jẹ́ nípa ìgbàgbọ́, níbo ni owó opó yìí wà nínú ẹ̀?

Oore-ọ̀fẹ́_Nìkan

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Mo dúró ti arákùnrin yìí gbágbágbá. Ẹ wo olè orí àgbélébùú nínú Lúùkù 23. Ta ló dá ẹrù padà fún? Iṣẹ́ rere wo ló ráyè ṣe? Síbẹ̀ Jésù sọ fún un pé lónìí ni yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Ó parí. Ọjọ́ tí a bá ti fi nǹkan kan kún àgbélébùú, ì báà ṣe kọ́bọ̀, a ti ń ta ìgbàlà nìyẹn. Ohun tí oníwàásù Kátólíìkì kan, Tetzel, ń tà kiri ní Jámánì nìyẹn, ìwé ìdáríjì, tí mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Luther fi gbé kókó 95 rẹ̀ dìde ní 1517. Ẹ má dá wa padà síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá_Ẹgbẹ́_Dọ́káàsì

Ọmọ mi, olè tó wà lórí àgbélébùú, ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ti èyí ṣí sílẹ̀, ó ń fi lu agogo.

Mo ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ ni, mo ń bọ̀.

Tíṣà_Sọ́ńdè_Sùkúlù

Màmá ti pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò, torí ìbéèrè méjì ni wọ́n dì pọ̀ sójú kan.

Onítẹ̀bọmi ni mí. Mo gbà pé ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre níwájú Ọlọ́run, n kò sì ní tìtorí owó ilẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára ohun tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ fi Yorùbá tẹ̀ jáde, ní 1850, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí odindi Bíbélì wa tó pé ní 1884. Nítorí náà, Róòmù 3:28 kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí: a dá ènìyàn láre nípa ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òfin.

Àmọ́ ta ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí? Àwọn tó ń sọ fún ará Gálátíà àti Róòmù tí kì í ṣe Júù pé bí wọn kò bá kọlà, bí wọn kò bá wọ abẹ́ òfin Mósè, wọn kò tíì wọlé. Pọ́ọ̀lù wá fi Ábúráhámù dá wọn lóhùn. Inú Jẹ́nẹ́sísì 15 ni Ọlọ́run ti ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo fún un. Ìkọlà di inú orí 17. Ẹni tí a ti gbà wọlé kó tó kọlà, ìkọlà kọ́ ló gbé e wọlé.

Jákọ́bù náà pe Ábúráhámù yìí kan náà lẹ́rìí, ẹsẹ yẹn kan náà ló sì fà yọ, àmọ́ ibi tó dúró sí láti wò ó ni orí 22, níbi tí bàbá yìí ti mú Ísáákì lọ sórí òkè. Nígbà yẹn Ábúráhámù ti ń bá Ọlọ́run rìn tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí Jákọ́bù ń bá wí kò béèrè bí wọ́n ṣe máa wọlé. Inú ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń wo arákùnrin tí kò láṣọ tí kò sì jẹun, wọ́n ń sọ fún un pé "máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kí o sì yó." Ọmọ_Ọlọ́jà, ẹ tún ka Jákọ́bù 2:16, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "ẹ padà wá lọ́la" tí wọ́n ń sọ fún opó yẹn.

Pásítọ̀ tó ka Éfésù 2:8 àti 9 kò purọ́. Ibi tó dákẹ́ sí ni mo ní wàhálà pẹ̀lú. Ẹsẹ 10 sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni wá, tí a dá nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere. Gbólóhùn kan náà ni kò tíì parí, ó ti pa Bíbélì dé.

Kátíkíìsì

Tíṣà, ẹ ṣeun. Àwa Kátólíìkì náà fẹ́ràn Éfésù 2 ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Kátólíìkì fi iṣẹ́ ra ọ̀run. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa, jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìdáláre yìí, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń dá ènìyàn láre, wọ́n sì gbé ìpinnu wọn jáde ní January 13, 1547. Òfin 33 ló wà nínú rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ gan-an ló fi ẹnikẹ́ni bú tó bá sọ pé ènìyàn lè fi iṣẹ́ ara rẹ̀ jàre níwájú Ọlọ́run láìsí oore-ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ Jésù Kristi. Àkọ́kọ́ o, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìwé.

Àmọ́ òfin kẹsàn-án kọ "ìgbàgbọ́ nìkan", ìyẹn bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ní lọ́kàn pé kò sí ohun mìíràn tí a béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: nínú gbogbo Bíbélì, ibì kan ṣoṣo tí "ìgbàgbọ́" àti "nìkan" ti pàdé lórí ìdáláre ni Jákọ́bù 2:24, "kì í ṣe" ló sì ṣáájú wọn. Nígbà tí Luther túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522, òun ló fi "nìkan" sí Róòmù 3:28. Ọdún yẹn náà ló pe lẹ́tà Jákọ́bù ní lẹ́tà koríko gbígbẹ. Ẹni tí lẹ́tà kan ń dí lọ́wọ́ ló ń pè é ní koríko.

Ní ti ẹni tó ta ilẹ̀: bó bá wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Fádà, Fádà kò ní sọ fún un pé kó ka Ẹ Kú Màríà mẹ́wàá kó máa lọ. Nọ́ńbà 1459 nínú Katikísìmù wa sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti tún un ṣe, ó sì fi dídá ẹrù olè padà ṣe àpẹẹrẹ.

Tíṣà_Sọ́ńdè_Sùkúlù

Kátíkíìsì, mo gbà yín lórí òfin àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Luther ṣe ẹlẹ́yà lásán. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ ní 1530: ó ní bí ará Jámánì ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú ọjà nìyẹn, àti pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà lórí ẹsẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ koríko yẹn pàápàá, nígbà tó yá, àwọn ìtẹ̀jáde rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọkùnrin kan náà ló kọ̀wé síwájú Róòmù pé ohun alààyè ni ìgbàgbọ́, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, kì í dúró béèrè bóyá iṣẹ́ rere wà láti ṣe. Kí o tó béèrè, ó ti ṣe é tán. Calvin, aṣáájú Pùrótẹ́sítáǹtì mìíràn, náà fèsì fún Trent ní ọdún 1547 yẹn gan-an pé lóòótọ́, ìgbàgbọ́ nìkan ló ń dáni láre, àmọ́ ìgbàgbọ́ tó ń dáni láre kì í dá wà.

Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti yà gan-an nìyí: ẹ̀yin ní iṣẹ́ tí oore-ọ̀fẹ́ mú wa ṣe ń mú kí ìdáláre wa pọ̀ sí i. Àwa ní ó ń fi ìdáláre hàn ni, kò fi kún un. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, n kò sì ní díbọ́n pé ó kéré.

Kátíkíìsì

A ti gbọ́. Àmọ́ lórí owó opó, ẹnu wa kò yà.

Tíṣà_Sọ́ńdè_Sùkúlù

Rárá o, kò yà níbẹ̀.

Alhaji_Agbógodo

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará, Mùsùlùmí ni mí, mo kàn ń kọjá lọ ni. Nínú Kùránì wa, "àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ rere" máa ń bá ara wọn rìn ni láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjà yín yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àmọ́ ohun kan: lọ́dọ̀ tiwa náà, Ọlọ́run kì í kàn fi ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ji ènìyàn báyẹn, àfi kí o dá a padà tàbí kí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí opó náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Oore-ọ̀fẹ́_Nìkan

Alhaji, ẹ káàbọ̀. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ? A ti kúrò lọ́dọ̀ Jésù, a ti dé ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, torí ẹ lè rò pé mò ń gbèjà olè. Inú ìjọ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìdápadà lójoojúmọ́ ni mo dàgbà sí. Mo mọ arábìnrin kan tó dá owó padà, ó dá aṣọ padà, ó kọ lẹ́tà sí gbogbo olùkọ́ tó ti jíwèé wò lábẹ́ wọn, ó tún rántí bisikíìtì tó jí ní kíláàsì kejì. Bó bá ti parí ọ̀kan, òmíràn yóò tún jáde. Kò sùn. Kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti gbà á. Wọn kò sọ fún un nígbà kankan pé ó ti tó. Ìgbà tí ẹnìkan ka Róòmù 5:1 fún un, pé bí a ti dá wa láre nípa ìgbàgbọ́, a ní àlàáfíà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ló tó sunkún, tó sì sùn. Ẹ ò lè sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í pa ènìyàn. Ohun tó mú Luther gan-an nìyẹn nígbà tó ṣì wà ní ilé àwọn mọ́ńkì, tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Wẹ́sílì_Kékeré

Oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ yìí wọ̀ mí lára, n kò sì ní sáré kọjá lórí rẹ̀. John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, náà wà níbẹ̀ rí. Àlùfáà ni, ó ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, ó la òkun lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. May 24, 1738, ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnìkan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú Luther lórí Róòmù, èyí tí Tíṣà sọ lẹ́ẹ̀kan. Wesley ní ọkàn òun móoru, òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Kristi nìkan fún ìgbàlà.

Nítorí náà, àwa Mẹ́tọ́díìsì kò lè fojú di ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ móoru yẹn ṣe ní 1743. Ó kọ òfin fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: má ṣe ibi, máa ṣe rere, má sì fi ìjọsìn sílẹ̀. Kò rí i pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin rẹ àti ọ̀rọ̀ arákùnrin onílẹ̀ yìí, aláìsàn méjì ni, oògùn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan. Arábìnrin yẹn ń san gbèsè fún Ọlọ́run, gbèsè tí ẹ̀dá kankan kò lè san, tí Jésù sì ti san. Ẹni tó ń kà á fún un pé ó ti tó, ó ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Arákùnrin yìí, opó ló jẹ. Kò sí ibi tí mo ti kà á pé Jésù san owó pílọ́ọ̀tì fún ìyáálé ilé kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Àti pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, oníwàásù oore-ọ̀fẹ́, dójú ọ̀rọ̀ gbèsè. Ẹ ṣí Fílémónì. Ẹrú tó sá, Onésímù, ti di onígbàgbọ́, ọmọ Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ rò pé Pọ́ọ̀lù yóò kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé "ohun àtijọ́ ti kọjá lọ, gbàgbé owó rẹ"? Ẹsẹ 18: bó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn. Ẹsẹ 19: èmi Pọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi ó san án. Ó buwọ́ lùwé! Bí pásítọ̀ arákùnrin yìí bá fẹ́ràn oore-ọ̀fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí òun náà buwọ́ lùwé.

Kátíkíìsì

Áà! Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mo máa jí i lọ, n kò sì ní dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó rò pé ìjà yìí ṣì dà bó ṣe wà nígbà Luther: October 31, 1999, ní Augsburg, àwọn Lútérọ́ọ̀nù, ọmọ ẹ̀yìn Luther, àti Ìjọ Kátólíìkì jọ buwọ́ lu ìwé kan lórí ìdáláre. Wọ́n jọ jẹ́wọ́ pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi gbà wá, kì í ṣe torí ohun rere kan tí a ṣe, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ tó gbà wá náà ló ń rán wa sínú iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì wọlé sí i ní 2006, àwọn ìjọ Reformed, tí wọ́n tọ ẹ̀kọ́ Calvin, tẹ̀ lé e ní 2017. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán, Tíṣà ti sọ ibi tó kù.

Ìyá_Ẹgbẹ́_Dọ́káàsì

Mo ti dé. Ẹ ti sọ púpọ̀ nípa Jámánì, ẹ ò béèrè ohun tí opó ń jẹ.

Áńgílíkà ni mí. Nínú Kókó Ẹ̀sìn 39 tiwa, ìkọkànlá ní ìgbàgbọ́ nìkan ló ń dáni láre, ìkejìlá ní iṣẹ́ rere kò lè nu ẹ̀ṣẹ̀ nù, àmọ́ wọ́n ń ti ara ìgbàgbọ́ alààyè jáde ni dandan, tó fi jẹ́ pé àwọn la ó fi dá ìgbàgbọ́ mọ̀, bí a ṣe ń fi èso dá igi mọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí náà, ọmọ mi Oore-ọ̀fẹ́, má rò pé màmá fẹ́ fi iṣẹ́ ra ọ̀run. Ọ̀rọ̀ arábìnrin tí o sọ yẹn dùn mí. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a wo Sákéù dáadáa, Lúùkù 19, agbowó-òde tó gun igi kó lè rí Jésù, torí gbogbo yín ń kọjá lára igi rẹ̀. Jésù kò ní kí Sákéù kọ́kọ́ sanwó kí òun tó bá a jẹun. Ó pè é sọ̀kalẹ̀, ó ní òun á wọ̀ sílé rẹ̀, pẹ̀lú owó jìbìtì tó ṣì wà nínú àpótí. Oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó ti wọlé ná. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìdápadà fún Sákéù. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde dúró, ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti tálákà, ẹni tí òun bá sì fi èrú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni Jésù sọ pé ìgbàlà wọ ilé yìí lónìí. Kò tíì san kọ́bọ̀ kan nígbà tí Jésù sọ ọ́ o! Ṣùgbọ́n ó ti ṣí àpótí. Ti arákùnrin yín, Jésù ti wọlé, ó ń jókòó lé àpótí náà kí Jésù má baà rí i.

Léfítíkù 6 ní kí ẹni tó fi ìrẹ́jẹ gba nǹkan dá a padà, kó fi ìdámárùn-ún lé e, kó fi fún ẹni tó ni ín ní ọjọ́ tó bá mú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá. Mátíù 5:23 ní kí o fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ. Nínú méjèèjì, ọ̀nà ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ sọ fún ajíyìnrere yìí pé kó gbé agogo sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kí ẹ sì bá mi ro èyí: bí opó yẹn bá gbọ́ agogo rẹ̀ lójú fèrèsé, kí ni yóò rò nípa Jésù?

Oore-ọ̀fẹ́_Nìkan

Màmá, ẹ ṣé. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ: bó bá kú lálẹ́ òní láìtíì sanwó, tó sì gbàgbọ́ lóòótọ́, ọ̀run ló ń lọ. Ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Àmọ́ bí kò bá kú lálẹ́ òní, kó sanwó. Kó má sì máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù sí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ san.

Ọmọ_Ọlọ́jà

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí arákùnrin náà lórí WhatsApp. Ó kọ́kọ́ bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Nígbà tó di òru, ó fèsì. Ó ní ti Fílémónì yẹn ló mú òun. Ó ní òun kò ní owó náà lọ́wọ́, ilẹ̀ tó kù fún òun kò ju pílọ́ọ̀tì kan lọ, òun sì fẹ́ fi kọ́lé fún ìyàwó àti ọmọ. Ó ń béèrè bóyá òun lè máa san án díẹ̀díẹ̀, àti pé ṣé iye tí opó san nígbà yẹn ni, tàbí iye tí ilẹ̀ ń lọ báyìí? Ẹ̀yin náà mọ bí owó ilẹ̀ ṣe gbéra níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà.

Kátíkíìsì

Iye tí yóò ra ilẹ̀ bíi tirẹ̀ lónìí ni. Bó bá dá owó àtijọ́ padà fún un, kí ni màmá yẹn fẹ́ fi rà? Ìlẹ̀kùn?

Tíṣà_Sọ́ńdè_Sùkúlù

Kó má dá iye rẹ̀ ní yàrá ara rẹ̀. Kó lọ bá a, kó tọrọ àforíjì láìfi Bíbélì dáàbò bo ara rẹ̀, kó wá béèrè ohun tó fẹ́: ilẹ̀ ni tàbí owó. Ó lè jẹ́ pé yóò gba díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kọ̀ náà.

Ìyá_Ẹgbẹ́_Dọ́káàsì

Kí ó má dá lọ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó arákùnrin náà ni kí wọ́n bá a lọ, kí opó náà pe èèyàn tirẹ̀ jókòó. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, lọ́yà ni kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pílọ́ọ̀tì tó kù yẹn ni wọ́n gbà, kí wọ́n rí i pé ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí súfèyọ̀ sì wọ̀n ọ́n ní orúkọ opó náà. Pásítọ̀ lè bá wọn gbàdúrà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé tán. Ọmọ_Ọlọ́jà, ṣé o mọ ilé màmá náà?